Ẹni Tó Ní Ká Jókòó Sílé: Ṣé Ó Yẹ Kí Òfin Le Fún Un Ju Bó Ṣe Le Fún Wa Lọ?

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ Downing Street, ọ́fíìsì Olóòtú Ìjọba Ìlú Ọba, ń ṣe àríyá ìdágbére fún méjì lára wọn. Ọtí ṣàn, orin dún, wọ́n sì wà níbẹ̀ wọ òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọbabìnrin Elizabeth dá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Windsor, ìbòmú dúdú lójú, níbi ìsìnkú Philip, ọkọ tó ti fẹ́ láti ọdún 1947. Òfin kòrónà ní èèyàn 30 péré ló lè wà níbi ìsìnkú, ẹni tí kò bá sì bá ọ gbé inú ilé kan náà kò gbọdọ̀ jókòó tì ọ́. Ọbabìnrin pa òfin náà mọ́. Àwọn tó ń bá àwọn tó ṣe òfin náà ṣiṣẹ́ ni kò pa á mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, Downing Street ní láti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí ààfin.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù náà sin òbí, ọkọ tàbí ìyàwó bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn. Kò sí àìsùn, kò sí aṣọ ẹbí, ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò rí bàálù wọ̀. Orí fóònù ni àwọn mìíràn ti wo pósí bó ṣe ń wọlẹ̀. Wọ́n fara mọ́ ọn nítorí wọ́n gbà pé gbogbo ìlú ló jọ ń jẹ ìyà náà. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìlú, ọgbẹ́ náà di méjì.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí kò fi tíì tán nílẹ̀: bí olùdámọ̀ràn ìjọba bá rú òfin kónílé-ó-gbélé, ṣé ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn aládùúgbò wa la ó fi wọ̀n ọ́n, àbí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ le jù bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí dé orí, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì yẹ kó bá wa lórí ìjókòó àná.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣubú

Catherine Calderwood ni dókítà àgbà fún ìjọba Skọ́tílándì. Òun ló ń fara hàn nínú ìkéde orí tẹlifíṣọ̀n tó ń rọ aráàlú pé kí wọ́n dúró sílé kí wọ́n lè gba ẹ̀mí là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìwé ìròyìn gbé fọ́tò rẹ̀ jáde ní Earlsferry, ìlú kékeré kan létí òkun ní Fife, níbi tó ní ilé kejì sí. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti lọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún un. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ó tọrọ àforíjì ní gbangba, Nicola Sturgeon tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ náà kò parí tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló kan Neil Ferguson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College. Ìṣirò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020 sọ pé bí ìjọba bá ká ọwọ́ gbera, àrùn náà lè pa tó 510,000 èèyàn ní Ìlú Ọba. Ìṣirò yẹn wà lára ohun tó ti ìjọba débi ìsémọ́lé. Ìwé ìròyìn Daily Telegraph wá tú u síta pé obìnrin tí Ferguson ń fẹ́ wá kí i nílé lásìkò tí òfin kò fàyè gba irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, ó gbà pé òun ṣìṣe, ó sì kúrò nínú SAGE, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn. Matt Hancock, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ pé ohun tó yẹ ni Ferguson ṣe bó ṣe kúrò. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2021, fọ́tò Hancock fúnra rẹ̀ jáde, níbi tó ti ń fẹnu ko obìnrin kan tó ń gbà á nímọ̀ràn lẹ́nu nínú ọ́fíìsì, nígbà tí ìlànà jíjìnnà síra ẹni ṣì wà. Òun náà fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù náà.

Tábìlì inú ọgbà òdòdó

Ti Dominic Cummings ló gbòde jù lọ, nítorí òun kò lọ. Òun ni àgbà olùdámọ̀ràn fún Olóòtú Ìjọba Boris Johnson nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020, lẹ́yìn tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, ó wa mọ́tò gbé ìyàwó àti ọmọ wọn kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Durham, ìrìn-àjò tó lé ní 250 máìlì. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n tún wa mọ́tò láti ibẹ̀ lọ sí Barnard Castle, ìlú kan tí àwọn èèyàn máa ń lọ gbafẹ́ sí. Àwọn ìwé ìròyìn Guardian àti Mirror tú ọ̀rọ̀ náà síta ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún.

Ní ọjọ́ 25, wọ́n gbé tábìlì kékeré kan kalẹ̀ nínú ọgbà òdòdó tó wà lẹ́yìn Downing Street. Cummings jókòó sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ka àlàyé rẹ̀ láti inú bébà, àwọn oníròyìn sì ń bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé bí àìsàn bá dá òun àti ìyàwó òun dùbúlẹ̀ pa pọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò mójú tó ọmọ. Ní ti Barnard Castle, ó ní àìsàn ti ba ojú òun jẹ́, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè wa mọ́tò padà dé Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ní òun kò kábàámọ̀ ohun tí òun ṣe.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀ délẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba ẹni tó bá ní ìdí gúnmọ́ láti jáde nílé. Igbákejì dókítà àgbà, Jenny Harries, sì ti sọ ṣáájú pé bí bàbá àti ìyá bá jọ ń ṣàìsàn, ọmọ kékeré tó wà lọ́wọ́ wọn lè mú kí ọ̀ràn wọn yàtọ̀. Ọlọ́pàá Durham wádìí, wọ́n ní ìrìn-àjò láti Lọ́ńdọ̀nù sí Durham kò rú òfin, pé ti Barnard Castle ló ṣeé ṣe kó rú òfin díẹ̀, àti pé àwọn kò ní ṣe nǹkan kan sí i. Bí a bá dúró síbi ìwé òfin nìkan, ẹjọ́ náà kéré.

Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí Cummings sọ̀rọ̀ nínú ọgbà náà. Àlùfáà ìjọ kan láti Brighton bi Hancock léèrè níbi ìpàdé oníròyìn pé ṣé ìjọba yóò tún owó ìtanràn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó rìnrìn-àjò nítorí ìtọ́jú ọmọ yẹ̀ wò. Hancock ní àwọn yóò wò ó. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba fi ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: àyè tí àgbà olùdámọ̀ràn rí nínú òfin, ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ kò mọ̀ pé ó wà, ìgbà tó sì mọ̀, wọn kò ṣí i fún un. Òfin tí ẹni tó wà nítòsí agbára lè túmọ̀ fún ara rẹ̀, tí ẹni tó jìnnà sí i kò lè túmọ̀, ti pín sí méjì.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Douglas Ross, mínísítà kékeré tó wá láti Skọ́tílándì, fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn àgbègbè òun kò rí ààyè dágbére fún òkú wọn, òun kò sì lè wò wọ́n lójú kí òun sọ fún wọn pé gbogbo wọn ló ṣì í ṣe, pé olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ló ṣe é re.

Ohun tí ó bàjẹ́

Àwọn kan sọ pé ariwo oníròyìn lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní University College London ti ń bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsémọ́lé nípa bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀ sí ìjọba tó. Ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Lancet ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Wọ́n rí i pé láti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún gan-an ni ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjọba wọn já wálẹ̀. Ní Skọ́tílándì àti Wales, tí ìjọba tiwọn yàtọ̀, kò já bẹ́ẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀. Kò sí ìjọba tó ní ọlọ́pàá tó láti dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ohun tó ń mú kí òfin kónílé-ó-gbélé ṣiṣẹ́ ni pé olúkúlùkù gbà láti fún ara rẹ̀ lófin. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni oògùn tó wà lọ́wọ́ ìjọba kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé. Olùdámọ̀ràn tó bá ba ìgbẹ́kẹ̀lé náà jẹ́ ti ba irinṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń lò jẹ́. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Nílé wa ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, kí Èkó, Ògùn àti Àbújá di títì fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn náà ó tún fi ọjọ́ 14 kún un. Ẹni tó jẹ́ pé òòjọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, alágbàṣe, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá tó ń ta ẹ̀wà, kò rí òòjọ́ mọ́. Nígbà tó di àárín oṣù Kẹrin, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé e jáde pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń fipá mú aráàlú pa òfin náà mọ́. Àwọn tí àrùn náà pa nígbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí NCDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí dídènà àrùn, ṣe kà á, jẹ́ 12. Bí òfin ṣe le fún aráàlú nìyẹn.

Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, tó sún mọ́ Buhari ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìjọba, kú láti ọwọ́ kòrónà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Èkó ló kú sí, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí Àbújá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Gudu. Gbogbo Nàìjíríà rí àwòrán rẹ̀: àwọn aláṣẹ rọ́ gìrọ́gìrọ́ yí sàréè ká, èjìká kan èjìká, ní ìlú tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Àwọn mínísítà wà níbẹ̀. Boss Mustapha, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Ààrẹ lórí kòrónà, wà níbẹ̀, òun ló sì wá gbà lẹ́yìn náà pé àwọn kò pa ìlànà mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ tó lọ síbẹ̀ má ṣe wọ ilé ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Kò sí èyí tó dé iwájú adájọ́ nínú wọn.

Ẹ wá fi ti Funke Akindele, òṣèré tíátà, wé e. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ó ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ̀ nínú ilé wọn ní apá Ajah. Fídíò rẹ̀ tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn sì bínú púpọ̀ nítorí ojú rẹ̀ wà nínú ìkéde lórí bí a ṣe lè dènà àrùn náà. Ọjọ́ 6 oṣù náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ògbà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn san 100,000 náírà, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ sin ìlú. Mo gbà pé ìdájọ́ yẹn tọ́. Ohun tí n kò gbà ni pé òṣèré tíátà tó bá ìjọba ṣe ìkéde dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ méjì, tí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ inú ìkéde sì lọ sílé láìsí ìbéèrè.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn tó lòdì sí òfin líle fún olùdámọ̀ràn máa ń sọ, kò sì sí èyí tó ṣeé gbé jù sẹ́yìn nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni pé ìdọ́gba lábẹ́ òfin ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ kí alágbára rí ìjìyà tó fúyẹ́, a kò gbọdọ̀ fún un ní èyí tó wúwo nítorí ipò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ipò olùdámọ̀ràn kì í ṣe ẹ̀tọ́ bíi ti òmìnira tàbí owó ẹni. Ìlú ló yá a ní ipò náà. Ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn kan náà fún un bíi ti gbogbo èèyàn, kí ìlú sì gba ipò rẹ̀ padà. Èyí kò ba ìdọ́gba jẹ́.

Èkejì ni pé a ó pàdánù ọpọlọ tó dára lásìkò tí a nílò rẹ̀ jù. Èyí ló wúwo jù lọ lójú mi. Ní New Zealand, mínísítà ètò ìlera, David Clark, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí etí òkun lásìkò ìsémọ́lé. Ó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Jacinda Ardern, Olóòtú Ìjọba, ní bí kì í bá ṣe ti àrùn tó wà nílẹ̀, òun ìbá lé e. Ó gba ipò kejì tí ọkùnrin náà dì mú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìgbìmọ̀ mínísítà. Oṣù Keje ọdún 2020 ni Clark wá lọ. Ferguson náà kúrò ní SAGE, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń lọ ní Imperial. Èyí fi hàn pé ọgbọ́n lè wà nílẹ̀ kí ojú kúrò níwájú. Ìmọ̀ kò nílò pèpéle kí ó tó wúlò. Ẹni tó ń dúró lórí pèpéle láti sọ fún ìlú pé kí wọ́n jókòó sílé, tó sì jáde, kò lè padà gun pèpéle náà. Calderwood mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni pé èèyàn ni wọ́n, àárẹ̀ ń mú wọn, wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní olólùfẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tó ń sùn sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kí ó má baà kó àrùn wá bá ọmọ rẹ̀ nílé, èèyàn lòun náà. Bí òfin bá ti le ju ohun tí ẹlẹ́ran ara lè fara dà, kí olùdámọ̀ràn sọ ọ́ nínú yàrá ìpàdé, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn. Kó má dẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan.

Ta ni yóò dá ẹjọ́?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìjíròrò ti ń fò ohun tó ṣe pàtàkì kọjá. Ní Ìlú Ọba, ìlànà ìwà wà fún àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì, ṣùgbọ́n mínísítà tó yàn wọ́n náà ló ni ọ̀rọ̀ ìbáwí wọn, ìyẹn Olóòtú Ìjọba fún àwọn tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Cummings dé, Johnson ló dúró níwájú oníròyìn ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún tó ní ọkùnrin náà kò ṣe ohun tó burú. Ọ̀gá tó nílò ìránṣẹ́ rẹ̀ ló jókòó ṣe adájọ́. Èso rẹ̀ hàn lẹ́yìn náà: ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù fún èèyàn 83 ní ìwé ìtanràn 126 nítorí àríyá ọ́fíìsì ìjọba, Johnson fúnra rẹ̀ sì gba ọ̀kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ìròyìn Sue Gray, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí àwọn àríyá náà, jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì sọ pé àwọn àgbà ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù àṣà tó gbilẹ̀ níbẹ̀.

Tiwa náà kò sàn jù. Abala 151 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ̀rọ̀ nípa àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì Ààrẹ, abala 196 sọ ti àwọn gómìnà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kéde dúkìá wọn kí wọ́n sì búra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú ìbúra náà, wọ́n ń ṣèlérí pé ire ara wọn kò ní darí iṣẹ́ ìlú tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò béèrè ìbúra náà lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí ọ̀gá tó yàn wọ́n.

Ibi tí mo dúró sí

Ìdájọ́ mi ni pé kí òfin ilé ẹjọ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo èèyàn, kí òfin ipò sì le fún ẹni tó bá ní ọwọ́ nínú òfin náà. Kì í ṣe gbogbo olùdámọ̀ràn. Ẹni tó ń gba gómìnà nímọ̀ràn lórí ọ̀sìn ẹja, tí kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu ìsémọ́lé, kí wọ́n bá a wí bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba wí. Ẹni tó bá dámọ̀ràn òfin náà, tàbí tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ níwájú aráàlú, kí ó kúrò níwájú lọ́jọ́ tí a bá ti fìdí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àyè yòówù tí ọ̀kan nínú wọn bá lò nínú òfin, kí ìjọba kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì dá owó padà fún ẹni tó ti san ìtanràn lórí ohun kan náà. Kí ẹni tí yóò wádìí má ṣe wà lábẹ́ Ààrẹ, gómìnà tàbí Olóòtú Ìjọba, kí ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Òfin tí Nàìjíríà fi sé wa mọ́lé lọ́dún 2020 jáde lábẹ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wa lọ́dún 1926. Àbádòfin tuntun lórí àrùn tó ń ranni dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, awuyewuye sì pọ̀ lórí agbára tí yóò fún ìjọba lórí aráàlú. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ dìde, mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá, àti ẹ̀yin tó wà ní Ìkẹjà, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì: ẹ kọ abala kan sí i tó dárúkọ àwọn tó ń gba aláṣẹ nímọ̀ràn, kí ẹ kọ ìjìyà wọn síbẹ̀ kedere. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ béèrè abala náà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ dìbò fún, nígbà tí ara ṣì le, kí àrùn mìíràn tó dé.